Lórí Ọ̀rọ̀ Fèrèsé Tí O Ní Kí N Wọ̀n

Àkọ́bí mi,

Mo kí ọ o, ọmọ mi. Ṣé o jí dáadáa, ṣé ara le, ṣé ọ̀gá ẹ níbi iṣẹ́ ti ń jẹ́ kí o ráyè jẹun ọ̀sán báyìí? Ọlọ́run tó jẹ́ kí n fi ayọ̀ gbọ́ igbe ẹ lọ́jọ́ tí mo bí ọ kò ní jẹ́ kí n gbọ́ igbe ẹ lọ́jọ́ mìíràn. Ọ̀nà tí o bá gbà, wọ́ọ́rọ́wọ́ ni ẹsẹ̀ ẹ á máa lọ, ohun tí o bá dáwọ́ lé á yanjú, àwọn tí ẹ jọ ń ṣiṣẹ́ á máa fi ọ́ ṣe àpẹẹrẹ rere. Àmín. Àwa náà wà nílé, a dúpẹ́. Ewúrẹ́ dúdú ti bí, ìkòkò omi tó ń jò ti dákẹ́ fúnra ẹ̀ láìsí ẹni tó tún un ṣe. Ara bàbá ẹ yá gágá. Ojú tí dókítà bá a ṣe ń là sí i lójoojúmọ́, ó tilẹ̀ ti ń rí ìdọ̀tí tí mi ò gbá lábẹ́ àga, ó sì ń nawọ́ sí i níwájú àlejò.

Má jẹ́ kó yà ọ́ lẹ́nu pé ìwé ni mo kọ dípò kí n pè ọ́. Láti ìgbà tí o ti ra fóònù tó ń sọ̀rọ̀ sókè yẹn fún wa ni bàbá ẹ kì í ti í jẹ́ kí n gbé e sétí mọ́. Ó ní níwọ̀n ìgbà tó jẹ́ pé owó kan náà ni wọ́n ń gbà bí ẹni kan gbọ́ tàbí ẹni méjì, a ò gbọdọ̀ jẹ́ kí wọ́n rẹ́ wa jẹ. Ọ̀rọ̀ tí mo sì fẹ́ sọ yìí, bí ó bá fi gbọ́ ọ, gbogbo ohun tí mo ti tò jọ á tú. Lórí búláìndì tí o fẹ́ rà ni, ṣùgbọ́n ó ti ju ọ̀rọ̀ búláìndì lọ báyìí, ẹ̀mí bàbá ẹ ló wà níbẹ̀. Jọ̀wọ́ fara balẹ̀ kà á dé òpin, má fò lọ síbi tí mo ti ń béèrè owó bí o ṣe máa ń ṣe.

Ṣé o rántí pé nígbà tí o kọ́kọ́ sọ fún wa pé dókítà kò fẹ́ kí oòrùn àárọ̀ máa ta sí bàbá ẹ lójú lórí ibùsùn, mo bi ọ́ pé kí ló ń jẹ́ búláìndì. O ní aṣọ ojú fèrèsé tó ń ká sókè tó sì ń tú wálẹ̀ ni. Mo ronú sí i títí lọ́jọ́ yẹn. Èèyàn á san owó kí wọ́n dá fèrèsé sára ògiri kí ìmọ́lẹ̀ lè wọlé, á tún san owó mìíràn kí wọ́n wá dí i. Bàbá ẹ ní bóun bá ti mọ̀ ni, òun ì bá ti mọ ògiri náà títí dókè láti ìbẹ̀rẹ̀, òun ì bá sì ti ṣẹ́ owó méjèèjì kù. Mi ò ní kò dáa o. Mo kàn fẹ́ mọ̀ ni.

Àwòrán tí o fi ránṣẹ́ sórí fóònù, a wò ó, a tún un wò. Èyí tó rí pẹlẹbẹ pẹlẹbẹ lé ara wọn lórí, tó dà bí àkàbà, mo ń wò ó pé ta ló fẹ́ gùn ún. Èyí tó gùn gbọọrọ gbọọrọ wálẹ̀, mo rò pé wọn ò tíì rán an pọ̀ ni. Èyí tó ń fi rìmóòtù ṣí ló wù mí jù, àmọ́ mo ní ìbéèrè. Bí rìmóòtù bá sọnù nígbà tí búláìndì wà ní títì ńkọ́, ṣé inú òkùnkùn la máa jókòó sí títí o fi máa wálé? Rìmóòtù tẹlifíṣọ̀n, a ṣì ń wá a láti ìgbà tí o ti lọ. Bàbá ẹ tilẹ̀ na rìmóòtù fáànù sí àwòrán náà lórí fóònù bóyá ó máa ká, kò ká, ó ní àfàìmọ̀ ni bátìrì ò ti kú.

Lẹ́yìn ìyẹn ni àpòòwé dé. Mo ṣí i, mo bá aṣọ kéékèèké onígun mẹ́rin nínú ẹ̀, pupa wà níbẹ̀, dúdú wà níbẹ̀, èyí tó dà bí eérú wà níbẹ̀, kálukú pẹ̀lú nọ́ńbà lẹ́yìn. Mo ní ọmọ mi ti ra búláìndì, wọ́n sì ti gé e sí wẹ́wẹ́ kó lè gba inú àpòòwé. Mo kó wọn lọ sọ́dọ̀ Ìyá Télọ̀ tó wà ní ọ̀ọ́kán ilé wa, a tò wọ́n tẹ̀ lé nọ́ńbà, ó rán wọn pọ̀, ó fi lẹ́ẹ̀sì sí etí ẹ̀ yí ká. Ó dáa lójú gan-an ni. Ṣùgbọ́n nígbà tí a gbé e sójú fèrèsé, ibi tí a ti ń di fèrèsé mú nìkan ló bò. Mo ti fẹ́ béèrè lọ́wọ́ ẹ pé ìgbà wo ni ìyókù ń bọ̀, ni o bá pè pé kí a mú èyí tó wù wá nínú àwọn aṣọ náà, kí a pe nọ́ńbà ẹ̀ fún ọ. Nọ́ńbà ti bọ́ sínú ìránṣọ, kò ṣeé rí mọ́. Ìyá Télọ̀ ní òun lè tú u, bàbá ẹ ló kọ̀, torí ó ti ń fi í nu gíláàsì ojú ẹ̀, ó ní òun ò rí aṣọ tó ń mú gíláàsì mọ́ tó báyìí rí.

Ó wá kan ìwọ̀n wíwọ̀n. O ní kí n ya fọ́tò fèrèsé yàrá bàbá ẹ, kí n sì fi ìwọ̀n ẹ̀ tì í. Mo yà á, mo gbé téèpù lé ojú fóònù, fèrèsé jẹ́ íǹṣì méjì àti díẹ̀, mo sì fi ránṣẹ́ bẹ́ẹ̀. O rẹ́rìn-ín, má jiyàn, mo gbọ́ ọ. Àmọ́ ìwọ náà wò ó, fọ́tò lo béèrè. Nígbà tí o wá là á yé mi pé ara ògiri gan-an ni kí n ti wọ̀n ọ́n, mo tún lọ yá téèpù Ìyá Télọ̀. Téèpù yẹn ní ojú méjì, ojú kan ń pe fèrèsé ní nǹkan bí àádọ́ta, ojú kejì ń pè é ní ọgọ́fà ó lé díẹ̀. Mo yí i síhìn-ín, mo yí i sọ́hùn-ún, mo ń ronú bí fèrèsé kan ṣoṣo ṣe ní ọjọ́ orí méjì. Ìyá Télọ̀ ní íǹṣì ni ọ̀kan, sẹ̀ǹtímítà ni èkejì. Lójú tèmi, àfàìmọ̀ ni àwọn tó ń ṣe téèpù ò ti jà nígbà kan, tí kálukú wá mú ẹ̀gbẹ́ tiẹ̀.

O ní kí n wọn fífẹ̀ ẹ̀ lókè, kí n wọ̀n ọ́n láàárín, kí n tún wọ̀n ọ́n nísàlẹ̀, kí n wá mú èyí tó kéré jù. Ìyẹn náà fún mi ní ìrònú. Gbogbo ọjọ́ ayé mi, bí mo bá fẹ́ ra aṣọ, ìwọ̀n tó tóbi jù ni mo ń mú dání, torí aṣọ tó bá tóbi ṣeé ṣẹ́. O ní búláìndì kì í ṣe bẹ́ẹ̀, pé bó bá fi díẹ̀ ju ihò fèrèsé lọ, kò ní wọlé síbẹ̀. Ìyẹn yé mi. Ohun tí kò yé mi ni ìdí tí àwọn tó ń tà á fi ní kí èèyàn wọn ohun kan ṣoṣo lẹ́ẹ̀mẹta, bí kì í bá ṣe pé wọ́n fura sí nǹkan. Mo wá rí i pé òótọ́ ni wọ́n fura.

Mo wọ̀n ọ́n lókè, mo wọ̀n ọ́n nísàlẹ̀, òkè fi nǹkan bí ìka méjì fẹ̀ ju ìsàlẹ̀ lọ. Mo rò pé ọwọ́ mi ló yẹ̀. Bàbá ẹ gbọ́, ó bínú. Ó ní nígbà tí òun ń kọ́lé yìí, ojú òun báyìí ni wọ́n ṣe wọn fèrèsé náà, òkè àti ìsàlẹ̀ ò fi irun orí kan ju ara wọn lọ. Ó ní téèpù Ìyá Télọ̀ ló ti nà, torí irú ìdí tí àwọn oníbàárà ẹ̀ ní. Mi ò sọ ìyẹn fún Ìyá Télọ̀ o, ìwọ náà má sọ ọ́. Mo dúró fún ọjọ́ díẹ̀, òjò kan rọ̀, mo tún lọ wọ̀n ọ́n. Ìsàlẹ̀ wà bó ṣe wà, òkè tún ti fẹ̀ sí i.

Mo ní ṣé fèrèsé yìí ń dàgbà ni? Ibẹ̀ ni ìbéèrè tí mo bi ọ́ lọ́jọ́sí ti wá, nígbà tí mo ní ṣé wọ́n lè rán búláìndì náà kó tóbi díẹ̀, bí a ṣe ń rán yúnífọ́ọ̀mù fọ́mọ tó ń ga. O rò pé àwàdà ni. Kì í ṣe àwàdà, ohun tí mo rí ni mo sọ. Mo wá wò ó dáadáa, mo rí i pé ibi tí férémù ti fara kan ògiri tẹ́lẹ̀, ìka mi ń wọ ibẹ̀. Mo fẹ́ mọ ibi tí àyè náà dé. Mo ti kọ́bọ́ọ̀dù ńlá yẹn, o mọ̀ pé kò sí ẹni tó tì í rí láti ọjọ́ tí a ti gbé e síbẹ̀, mo tì í títí ẹ̀yìn fi ń dùn mí. Ògiri ti là láti igun fèrèsé gòkè dé àjà. Mo ki ọwọ́ bọ̀ ọ́, ọwọ́ wọlé. Mo gbójú sí i, mo rí adìẹ wa níta.

Àyà mi já, ọmọ mi. Ìgbèrí ibùsùn bàbá ẹ, ìdí ògiri yẹn gan-an ló wà. Gbogbo ìgbà tí ojú ẹ̀ fi ṣókùnkùn, kò lè rí i, èmi náà kò sì wo ẹ̀yìn kọ́bọ́ọ̀dù.

Mo ránṣẹ́ pe bíríkìlà tí gbogbo wa ń pè ní Ókùdíẹ̀. Ìwọ náà mọ̀ ọ́n, òun ló ń tún ilé ìdáná wa ṣe nígbà tí o ṣì wà nílé ẹ̀kọ́, bí èèyàn bá sì bi í pé ibo ni iṣẹ́ dé, ó ku díẹ̀ ni ìdáhùn ẹ̀, bí kò tilẹ̀ tíì bẹ̀rẹ̀. Ó dé, ó fi ìka kan ògiri, ó bọ́ síta, ó wo ìdí ẹ̀, ó tún padà wọlé. Kò sọ pé ó ku díẹ̀. Ó ní ìpìlẹ̀ ti rì lápá ibẹ̀, ògiri ń lọ síta, òun lè fi pákó tì í kó má baà yára, àmọ́ wíwó ni wọ́n máa wó o, kí wọ́n tún un mọ. Ó ní kí ẹnikẹ́ni má sùn síbẹ̀ mọ́, pàápàá bí òjò ṣe ti bẹ̀rẹ̀ yìí. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀, mo yíjú sí bàbá ẹ.

Bàbá ẹ ní òun ò lọ ibì kankan. Ó ní ògiri náà ti wà níbẹ̀ kí ìyàwó Ókùdíẹ̀ tó mọ ọ̀nà ilé ẹ̀, pé èjìká òun ni òun fi gbé búlọ́ọ̀kù ibẹ̀, àti pé iṣẹ́ ló ń wá. Mo bẹ̀ ẹ́. Mo pariwo lé e. Mo ní kí Ìyá Télọ̀ bá mi bẹ̀ ẹ́, ó bi òun náà léèrè ọ̀rọ̀ téèpù. Mo kọ̀, mi ò bá a sọ̀rọ̀ mọ́, kò tilẹ̀ mọ̀, ó rò pé ọ̀fun ló ń dùn mí, ó ní kí n fi omi gbígbóná fọ̀ ọ́. Nígbà tó yá ló wá sọ òótọ́ inú ẹ̀. Ó ní nígbà tí ojú òun ṣú, gbogbo ayé ni wọ́n ti ń di òun lọ́wọ́ mú kiri, inú yàrá yẹn nìkan lòun ti ń dá rìn, òun mọ iye ẹsẹ̀ tó dé ẹnu ọ̀nà, òun mọ ibi tí àga wà. Ó ní yàrá tí kò já òun kulẹ̀ nígbà yẹn, òun ò ní sá fún un nísinsìnyí. Omi bọ́ lójú mi, mo lọ gbọn aṣọ tí mo sá síta.

Láti ọjọ́ náà, bó bá ti lọ sùn lọ́sàn-án, màá gbé àga sẹ́nu ọ̀nà yàrá, màá máa gbọ́ bó ṣe ń hanrun. Ìwọ mọ bí híhanrun ẹ̀ ṣe máa ń bí mi nínú tó. Ní báyìí, bó bá ń hanrun, ọkàn mi á balẹ̀, bó bá dákẹ́, màá dìde lọ wò ó.

Ìwọ lo wá ràn mí lọ́wọ́ láìmọ̀. Fọ́ọ̀mù tí o fi ránṣẹ́, tí àwọn tó ń ta búláìndì ní kí a dáhùn, èyí tó ń béèrè bóyá inú la fẹ́ kọ́ ọ sí tàbí ìta, bàbá ẹ gbé e lé itan, ó lé mi dé ẹnu ọ̀nà kí òun lè ronú. Ó ní ìta kọ́, òjò máa ba aṣọ jẹ́. Wọ́n béèrè bóyá ọ̀tún ni okùn tí wọ́n ń fà á máa wà tàbí òsì, ó dùbúlẹ̀, ó dìde, ó tún dùbúlẹ̀, ó ń na ọwọ́ wò. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé àwọn dúró fún búláìndì náà fún ọdún márùn-ún, ó bi mí pé ta ló dúró fún àwa méjèèjì, mo ní ìwọ ni, ó ní ó dáa. Mo dúró, mo ń wò ó. Mo rí i pé bó ṣe jẹ́ pé ọwọ́ ẹ lọ̀rọ̀ búláìndì ti wá, kò sí ohun tí wọ́n ní kó ṣe sí i tí kò ní ṣe.

Nígbà tó wọ ilé ìwẹ̀, mo gbé fóònù sétí, mo sọ̀rọ̀ díẹ̀ sínú ẹ̀. Kò sí ẹnì kankan níbẹ̀. Bó ṣe jáde, mo ní ìwọ lo pè. Mo ní o ní àwọn tó ń tà á ti wo ìwọ̀n tí mo fi ránṣẹ́, wọ́n ní búláìndì kì í dúró lójú fèrèsé tí òkè ẹ̀ bá fẹ̀ ju ìsàlẹ̀ lọ, pé yàrá tí ìwọ ń sùn nígbà tí o wà ní kékeré lo ti wá yàn, kí bàbá ẹ sì ti kó lọ síbẹ̀ kí yàrá náà lè mọ́ ọn lára. Ó bi mí pé ṣé ẹnu ẹ lo fi sọ ọ́, mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó gbé ìrọ̀rí, ó gbé rédíò, ó lọ. Èmi tí mo sunkún, tí mo bẹ̀bẹ̀, kò gbọ́ tèmi, ìwọ tí o ò sọ nǹkan kan ló gbọ́ tìrẹ. Inú mi dùn, àmọ́ kí n má parọ́ méjì pọ̀, ó dùn mí díẹ̀.

Ókùdíẹ̀ ti fi pákó ti ògiri náà láti ìta. Bàbá ẹ wà ní yàrá ẹ, orí ibùsùn ẹ tí ẹsẹ̀ ẹ̀ máa ń yọ jáde nísàlẹ̀, kò sì ráhùn. Gbogbo ẹni tó bá wá kí wa ló ń sọ fún pé ọmọ òun ló ní kí òun sùn síbẹ̀. Ṣùgbọ́n oòrùn ń wọ ibẹ̀ náà lọ́wọ́ ìrọ̀lẹ́, ó ti ń bi mí pé búláìndì dà, ó ní bí kò bá tètè dé, á jẹ́ pé o ti yí ọkàn padà, òun á sì kó padà sí yàrá òun. Ohun tó ń lé oorun lójú mi nìyẹn.

Nítorí náà, jọ̀wọ́, tètè rà á. Ìwọ̀n yàrá ẹ nìyí: fífẹ̀ ẹ̀ jẹ́ sẹ̀ǹtímítà àádọ́rùn-ún, gíga ẹ̀ jẹ́ ọgọ́rùn-ún ó lé mẹ́wàá. Mo wọ̀n ọ́n lókè, mo wọ̀n ọ́n láàárín, mo wọ̀n ọ́n nísàlẹ̀, ọ̀kan náà ni, mo tún ń lọ wọ̀n ọ́n láràárọ̀ kí n tó fọ ojú. Inú ni kí wọ́n kọ́ ọ sí, ọ̀tún ni kí okùn wà. Àwọ̀ tó bá wù ọ́ ni kí o mú. Fi owó díẹ̀ kún un fún Ókùdíẹ̀ kó lè ra sìmẹ́ǹtì, má sì jẹ́ kí owó náà gba ọ̀dọ̀ ẹ̀rọ báńkì wá o, torí ẹ̀rọ yẹn máa ń bi mí bóyá mo fẹ́ rísíìtì, bí mo bá ní rárá, ó máa ń dà bíi pé mo ń fi yé e pé mo fọkàn tán an, mi ò sì tíì mọ̀ ọ́n tó bẹ́ẹ̀.

Bí o bá pè, tí bàbá ẹ bá béèrè lọ́wọ́ ẹ, sọ pé ìwọ lo sọ ọ́. Ṣùgbọ́n ọmọ mi, bí àyè bá wà, má fi búláìndì ránṣẹ́, gbé e wá. Ojú bàbá ẹ ti là. Ọjọ́ pẹ́ tí mo ti ń sọ̀rọ̀ fún un láìjẹ́ pé ó ń rí ojú mi, ní báyìí ó máa ń wò mí títí màá fi sọ̀rọ̀ tán, bó bá sì dárúkọ ẹ, èmi ni mo ń kọ́kọ́ gbójú kúrò. Wá fi ọwọ́ ara ẹ kọ́ ọ, kí o sì fi ẹnu ara ẹ sọ fún un pé yàrá yẹn lo fẹ́ kó máa sùn, kí irọ́ mi lè di òótọ́, kí èmi náà lè máa wo bàbá ẹ lójú.

Ọlọ́run á ṣọ́ òrùlé tó wà lórí ẹ àti ògiri tó yí ọ ká. Ẹni tó bá fẹ́ ọ fún rere á máa rí ọ, ẹni tí kò fẹ́ bẹ́ẹ̀, ojú ẹ̀ á fò ọ́ dá. A ó fojú kan ara wa láìpẹ́, pẹ̀lú ìlera.

Èmi ni,
Ìyá ẹ tó ń retí ẹ.